Bí ẹ ṣe lè rí ìwé ẹjọ́ mutí-wakọ̀ gbà ní káúńtì oko ní Texas

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Texas, ẹ fara balẹ̀ ka èyí o, torí ìbéèrè nípa bí èèyàn ṣe lè rí ìwé ẹjọ́ mutí-wakọ̀ gbà pọ̀ gan-an lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Tí ọlọ́pàá bá mú èèyàn pé ó mutí wakọ̀, DWI ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, káúńtì (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa) tí wọ́n ti dá mọ́tò ẹ̀ dúró ni ìwé ẹjọ́ ẹ̀ máa wà, ibi yòówù kó máa gbé. Àríyá lè wáyé ní Dallas, ilé yín lè wà ní Alief ní Houston, àmọ́ tó bá jẹ́ ìtòsí Centerville lójú ọ̀nà I-45 ni iná ọlọ́pàá ti ń ṣẹ́jú lẹ́yìn yín, Leon County ló ni ẹjọ́ yẹn. Kóòtù Houston ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ẹ lè máa wá a lórí wẹ́ẹ̀bù Harris County títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àwọn tó ń wá ìwé yìí jù, ará wa tó fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù N-400 kó lè di ọmọ Amẹ́ríkà ni, torí ìmigíréṣọ̀n máa ń béèrè ìwé kóòtù fún gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti mú yín rí. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba láísẹ́ńsì náà wà níbẹ̀, awakọ̀ tírélà náà wà níbẹ̀, òun gan-an ọ̀rọ̀ ẹ̀ le jù torí DWI ẹyọ kan lè gba CDL, ìyẹn láísẹ́ńsì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ẹlẹ́ẹ̀kejì sì lè gbà á títí ayé. Àwọn míì kàn fẹ́ mọ irú ẹni tó máa wa bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹni tó máa gbé ọmọ wọn lọ síléèwé. Gbogbo wọn pátá, ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n máa kanlẹ̀kùn ẹ̀.

Ẹ̀tọ́ wà fún yín láti béèrè o. Ìwé ẹjọ́ ọ̀daràn ní Texas, ẹnikẹ́ni ló lè ní kí wọ́n fi han òun, àfi tí adájọ́ bá ti pàṣẹ kí wọ́n pa á rẹ́ tàbí kí wọ́n bò ó. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ní lọ́yà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ ni yín, tẹ́ ẹ sì fẹ́ háyà ilé iṣẹ́ kan tó máa bá yín wá ìtàn ẹni tó ń wáṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni náà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé pé òun gbà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ká tó lọ jìnnà. Tó bá jẹ́ ẹjọ́ tiyín lẹ̀ ń wá, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò padà sí kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ má fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí capias wà nílẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú yín, sheriff, ìyẹn olórí ọlọ́pàá káúńtì, sì sábà máa ń wà nítòsí kóòtù ní ìlú kékeré. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín wò ó.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ mọ káúńtì náà dájú

Texas ní káúńtì 254, oko ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, Loving County tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn, èèyàn 64 péré ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2020. Tẹ́ ẹ bá gba I-45 láti Houston lọ sí Dallas, ẹ máa la Montgomery kọjá, lẹ́yìn ẹ̀ Walker, Madison, Leon, Freestone, Navarro àti Ellis, gbogbo wọn ló ní kóòtù tiwọn, ẹnì kan ò sì ní bá ẹnì kejì pa ìwé mọ́. Tó bá jẹ́ I-10 lẹ gbà lọ sí San Antonio, Waller, Austin County àti Colorado County wà lára ohun tẹ́ ẹ máa kọjá.

Ibí yìí gan-an ni orúkọ ti máa ń tan èèyàn jẹ. Ìlú Houston ò sí ní Houston County o! Houston County wà lápá àríwá, ìlú tó ń jẹ́ Crockett ni kóòtù ẹ̀ wà. Ẹ̀yin á wá ní ṣé Crockett County kọ́ nìyẹn, rárá o, Crockett County tún wà lọ́tọ̀, Ozona ni kóòtù tiẹ̀, ọ̀nà jíjìn réré lójú I-10 lápá ìwọ̀ oòrùn. Kóòtù Austin County wà ní Bellville, ìlú Austin fúnra ẹ̀ sì wà ní Travis County. Kóòtù Colorado County wà ní Columbus, nígbà tí Colorado City wà ní Mitchell County. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ báyìí ò ro tiwa mọ́ ọn.

Níbo lẹ ti máa rí orúkọ káúńtì? Ẹ wo ìwé béèlì, ẹ wo rìsíìtì àwọn tó fa mọ́tò yín lọ, ẹ wo fọ́ọ̀mù tí ọlọ́pàá fún yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, DIC-24 àti DIC-25 ni wọ́n ń pe àwọn yẹn. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti sọ nù, ẹ pe ẹni tó ṣe béèlì yín, àwọn yẹn kì í gbàgbé ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Tẹ́ ẹ bá sì rántí ibi tẹ́ ẹ dúró sí, ẹ fi Google Maps wò ó, ó máa ń fa ìlà ààlà káúńtì bẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ káúńtì náà.

Tó bá jẹ́ ti yín ni tó sì ti pẹ́ débi pé ẹ ò rántí ohunkóhun, ẹ lè ní kí FBI fi ìtàn yín ránṣẹ́, dọ́là 18 ni wọ́n ń gbà, ẹ máa tẹ̀ka, ìwé tó bá dé á sọ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá tó mú yín àti ọjọ́ tó mú yín. Látibẹ̀ lẹ ti máa mọ káúńtì.

ÌGBÉSẸ̀ 2: Ẹ mọ akọ̀wé wo lẹ fẹ́ bá

Akọ̀wé kóòtù méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù. DWI àkọ́kọ́ àti ẹlẹ́ẹ̀kejì, misdemeanor ni, ẹ̀sùn tí ò tó felony tó jẹ́ ọ̀ràn ńlá, County Court ló ń gbọ́ ọ, County Clerk ló ń pa ìwé ẹ̀ mọ́. Tó bá ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tàbí tí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 15 wà nínú mọ́tò, tàbí tí ẹnì kan fara pa yánnayànna tàbí tó kú, ó ti di felony nìyẹn, District Court ló ń lọ, District Clerk ni kẹ́ ẹ bá. Ní káúńtì tí èèyàn ò tó 8,000, òfin gbà kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ akọ̀wé méjèèjì, nítorí náà tẹ́ ẹ bá pè tí obìnrin kan gbé e, tẹ́ ẹ ní kó so yín pọ̀ mọ́ District Clerk tó wá ní "òun náà nìyí", ẹ má bínú, kò fi yín ṣẹ̀sín.

Kó má yà yín lẹ́nu pé adájọ́ County Court ní káúńtì kékeré lè má jẹ́ lọ́yà rárá, òfin ibẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, alága káúńtì náà ló tún jẹ́.

Ẹ má lọ parí sọ́dọ̀ sheriff. Ìwé pé wọ́n mú èèyàn àti pé ó sùn sí àtìmọ́lé ló wà lọ́dọ̀ tiẹ̀, ibi tí ẹjọ́ parí sí ò sí níbẹ̀. Bákan náà Justice of the Peace, adájọ́ kóòtù kékeré, òun ló sábà máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó sì ń dá iye béèlì, àmọ́ ẹjọ́ DWI ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá ìlú ló mú yín, ẹjọ́ ò lọ sí kóòtù ìlú, káúńtì ló ń lọ. Àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 21 nìkan ló yàtọ̀, tí wọ́n bá gbóòórùn ọtí lẹ́nu wọn nídìí ọkọ̀ wọ́n lè fi ẹ̀sùn DUI kàn wọ́n, ìyẹn kéré, ó sì lè wà lọ́dọ̀ Justice of the Peace tàbí kóòtù ìlú. Ní Texas, DUI àti DWI ò jọra, ẹ má fi ọ̀kan béèrè èkejì.

ÌGBÉSẸ̀ 3: Ẹ ṣètò orúkọ

Ó dájú pé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ló ń dá iṣẹ́ tiwa dúró jù. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Oluwatobiloba rí láyé ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní aago méjì òru láti ara láísẹ́ńsì, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ẹ wá a pẹ̀lú orúkọ tó wà lára láísẹ́ńsì lákọ̀ọ́kọ́. Tí kò bá jáde, ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan, Oluwa, Olu, Ade, Ogun, wẹ́ẹ̀bù míì máa ń gba àmì ìràwọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó lè kó gbogbo tó bá jọ ọ́ jáde. Ẹ yí orúkọ bàbá àti orúkọ àbísọ padà síra wọn, torí wọ́n máa ń fi ọ̀kan sípò èkejì. Orúkọ tó gùn, wọ́n lè gé e sí méjì, wọ́n á fi apá kan ṣe orúkọ àárín. Àwọn ìyá wa, ẹ wá orúkọ ilé ọkọ, ẹ wá orúkọ ilé bàbá, ẹ wá èyí tí wọ́n fi ìlà kékeré so méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́ ìbí náà ń kọ́? Oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ ni tiwa. 05/08 lọ́dọ̀ wọn, oṣù karùn-ún ni. Tí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù bá kọ ọ́ bíi ti ilé, ó ti di ọjọ́ ìbí ẹlòmíì nìyẹn, ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì.

Èyí tó dáa jù ṣá ni cause number, nọ́ńbà ẹjọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti ní in, ẹ gbàgbé gbogbo wàhálà orúkọ.

ÌGBÉSẸ̀ 4: Íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kí ẹ má gbára lé e

Ẹ lọ sórí txcourts.gov, ibẹ̀ ni ìwé orúkọ gbogbo kóòtù àti akọ̀wé Texas wà pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Látibẹ̀ ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù káúńtì náà fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Court Records tàbí Judicial Records sí. Káúńtì kan ní i, káúńtì kejì ò ní, òmíì ní i àmọ́ àwọn ẹjọ́ àtijọ́ ò sí níbẹ̀, òmíì á fi ọjọ́ àti nọ́ńbà hàn yín láìfi ìwé hàn. re:SearchTX tún wà, ti gbogbo ìpínlẹ̀ ni, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ fún ẹjọ́ ọ̀daràn ní káúńtì kékeré mi ò ní fi gbogbo ọkàn tán an.

Texas DPS, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọlọ́pàá àti láísẹ́ńsì awakọ̀, náà ní ibi tẹ́ ẹ ti lè sanwó kékeré láti wá orúkọ, ó máa ń mú ẹjọ́ tí wọ́n ti dá lẹ́bi àti deferred adjudication (ẹjọ́ tí adájọ́ dá ìdálẹ́bi ẹ̀ dúró ná) jáde láti gbogbo káúńtì tó bá fi ránṣẹ́ sí wọn. Tí akọ̀wé oko kan ò bá fi tiẹ̀ ránṣẹ́, kò ní sí níbẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá sì fi orúkọ wá nǹkan lórí Google, àwọn wẹ́ẹ̀bù tó máa kọ́kọ́ yọjú ni àwọn tó ní "a ti rí i, ẹ san dọ́là báyìí". Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n kàn ń kó ohun tí káúńtì ti gbé jáde rí ni, ó lè ti pẹ́, ó lè jẹ́ ti ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìmigíréṣọ̀n ò sì ní gbà á.

ÌGBÉSẸ̀ 5: Ẹ pè wọ́n, tàbí kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà

Èmi fẹ́ràn fóònù ju gbogbo ẹ̀ lọ fún káúńtì oko. Ẹni méjì mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n máa ń dá èèyàn lóhùn, ó ń yára ju ti ìlú ńlá tí ẹ̀rọ á máa ní kẹ́ ẹ tẹ 1 kẹ́ ẹ tẹ 2. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè àlàáfíà wọn kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá, àwọn ará oko Texas náà fẹ́ràn ìkíni bíi tiwa. Ẹ má pè láàárín aago 12 sí 1 ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì báyìí ń tì í kí wọ́n lè jẹun.

Ẹ sọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ọdún tẹ́ ẹ rò pé wọ́n mú ẹni náà. Ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹjọ́ náà wà lọ́dọ̀ wọn, kí ni cause number ẹ̀, ojú ewé mélòó ni, èló ni gbogbo ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń gba owó. Ìwé lásán ní ọ́fíìsì County Clerk, dọ́là 1 ni ojú ewé kan. Èyí tó ní òǹtẹ̀ kóòtù, certified copy ni wọ́n ń pè é, dọ́là 5 ni wọ́n máa fi lé e. Owó wíwá fáìlì lè tún wà lọ́tọ̀, ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì àdáni láti ibi tó jìnnà, money order ni kẹ́ ẹ rà.

Tó bá jẹ́ lẹ́tà, ẹ kọ ohun kan náà síbẹ̀, ẹ fi money order sí i, ẹ fi àpòòwé tẹ́ ẹ ti kọ àdírẹ́sì yín sí, tẹ́ ẹ ti lẹ sítáǹbù mọ́, kí wọ́n má bàa ní àwáwí kankan. Fún ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ mú lọ fún ìmigíréṣọ̀n tàbí Board of Nursing, òǹtẹ̀ pọndandan, ẹ má lọ mú fọ́tòkọ́pì torí kẹ́ ẹ lè fi dọ́là 5 pamọ́.

Ìwé wo lẹ máa ní kí wọ́n fún yín? Ẹ kọ́kọ́ gba docket sheet, ìwé kan tàbí méjì ni, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́ ló wà níbẹ̀ ní ṣókí. Lẹ́yìn ẹ̀, complaint àti information tí wọ́n fi gbé ẹ̀sùn kalẹ̀, ìwé ìdájọ́, àti ìwé tó fi hàn pé probation, ìyẹn àkókò tí kóòtù ń ṣọ́ èèyàn dípò ẹ̀wọ̀n, ti parí. Tí wọ́n bá fagi lé ẹjọ́ náà, ẹ gba ìwé tí wọ́n fi bẹ adájọ́ pé kó fagi lé e, torí ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ fúnra yín, kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé lè lò sábà máa ń wà ní ọ́fíìsì náà. Fún ẹjọ́ àtijọ́, ìwé ńlá tàbí fíìmù kékeré ni wọ́n á gbé fún yín. Ẹ má sì rò pé ẹjọ́ tó ti pẹ́ ò já mọ́ nǹkan kan o, láti 2005 ni Texas ti yọ gbèdéke ọdún mẹ́wàá kúrò, DWI 1991 lè sọ ti òní di ẹlẹ́ẹ̀kejì.

ÌGBÉSẸ̀ 6: Ẹ kà á dáadáa

"DWI BAC 0.15" túmọ̀ sí pé ọtí inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó ju 0.08 tó jẹ́ ààlà lọ dáadáa, ìjìyà ẹ̀ sì ga ju ti àkọ́kọ́ lásán. Tẹ́ ẹ bá rí "Obstruction of Highway", ẹ má rò pé fáìlì ẹlòmíì ni wọ́n fún yín, lọ́yà ló máa ń bá agbẹjọ́rò ìjọba dúnàádúrà kí wọ́n sọ DWI di ìdínà ojú pópó. "Dismissed" lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ parí, ó sì lè ní 12.45 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni pé èèyàn ti gbà pé òun ṣe é, wọ́n sì ti kà á mọ́ ẹjọ́ míì tó wà nílẹ̀. Community supervision, probation náà ni.

Deferred adjudication ń ru àwọn èèyàn wa lójú jù. Láti oṣù kẹsàn-án 2019 ni Texas ti gbà á fún DWI àkọ́kọ́ tí ọtí ò tó 0.15. Lójú Texas, adájọ́ ò dá yín lẹ́bi. Lójú ìmigíréṣọ̀n, ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi, adájọ́ sì ti fi nǹkan dè yín, ìdálẹ́bi ni wọ́n ń kà á sí. Ìdálẹ́bi DWI méjì láàárín ọdún tí wọ́n ń wò sì ti tó fún wọn láti ní ìwà yín ò dáa, Attorney General ìjọba àpapọ̀ ló fi ìdájọ́ yẹn lélẹ̀ ní 2019. Nítorí náà ẹ gbé ìwé náà lọ bá lọ́yà ìmigíréṣọ̀n kẹ́ ẹ tó fi N-400 ránṣẹ́.

Tí wọ́n bá ní kò sí ńkọ́?

Kò sí ò túmọ̀ sí pé kò ṣẹlẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ọdún méjì láti gbé ẹ̀sùn misdemeanor kalẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè pẹ́ fún oṣù púpọ̀, nígbà yẹn akọ̀wé ò ní ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ pe ọ́fíìsì County Attorney, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbà á tàbí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ tiyín, lọ́yà ni kó pè.

Ó sì lè jẹ́ pé adájọ́ ti ní kí wọ́n pa á rẹ́, tàbí kí wọ́n bò ó, láti 2017 ni ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi DWI àkọ́kọ́ pàápàá ti lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bò ó tí ọtí ò bá tó 0.15. Akọ̀wé ò ní sọ fún yín pé òun bò ó, ó máa ní kò sí ni. Ìmigíréṣọ̀n ṣì máa béèrè ẹ̀ o.

Tó bá jẹ́ inú Big Bend National Park ni wọ́n ti mú ẹni náà, ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ Brewster County ló yí i ká, ó lè jẹ́ kóòtù àpapọ̀ ló gbọ́ ọ, akọ̀wé káúńtì tó wà ní Alpine ò ní ní in. Ọ̀rọ̀ gbígba láísẹ́ńsì náà dá dúró lọ́tọ̀, ALR ni wọ́n ń pè é, DPS ló ni í, ọjọ́ 15 péré lèèyàn ní láti béèrè ìgbọ́ẹjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un ní ìwé, kò sì sí nínú fáìlì County Clerk. Ẹ gba driver record yín lọ́dọ̀ DPS kẹ́ ẹ tó lè rí i.

Tí gbogbo ẹ̀ bá sì já sí pé kò sí lóòótọ́, ẹ ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé pé òun wá a, òun ò rí i, kó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ gba méjì, ẹ fi ọ̀kan sílé. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àpòòwé yín ò tíì padà, ẹ pè wọ́n, ẹ dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti nọ́ńbà tó wà lára money order náà.